Báwo la ṣe máa sọ ìpinnu tí kò ní dùn mọ́ àwọn tó ń lo áàpù wa?

Abẹ́rẹ́
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gba oorun lójú mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti rìn ín rí wà níbí.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe áàpù kan tí àwọn èèyàn fi ń gba ohùn sílẹ̀: ẹ̀kọ́ kíláàsì, ìpàdé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìtàn ẹnu àwọn àgbàlagbà. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń sọ fún wọn pé gbogbo ohùn tí wọ́n bá gbà, ọ̀dọ̀ wa ni yóò wà, lọ́fẹ̀ẹ́, láìní òdiwọ̀n. Ní báyìí, owó tí a ń san lórí ibi ìpamọ́ ti ju owó tó ń wọlé lọ. A ti ṣírò ó síwá sẹ́yìn. Bí a ò bá dín in kù, a ò ní lè lò tó ọdún kan mọ́. A ti wá pinnu pé àkáǹtì ọ̀fẹ́ yóò máa tọ́jú ohùn fún 90 ọjọ́ péré. Èyí tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò parẹ́, àfi kí ẹni tó ni ín kó o sórí fóònù ara rẹ̀, tàbí kó máa sanwó oṣooṣù.

Ìpinnu yẹn ti dúró. Bí a ó ṣe sọ ọ́ ni mi ò mọ̀. A ní àwùjọ kan tí àwọn tó ń lo áàpù náà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan níbẹ̀ ti wà pẹ̀lú wa láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá wa dá àwọn tuntun lóhùn láìgba owó kankan. Ọ̀kan nínú wa ní ká kàn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àlàyé tó máa ń bá ẹ̀dà tuntun wá, pé ariwo ò ní pọ̀. Ẹnì kejì ní ká ní kí wọ́n dìbò. Èmi wà láàárín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Olóòtú Òru
Ẹ má kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ohunkóhun. Ẹnì kan á rí i, ẹni yẹn ni yóò sì bá yín ròyìn rẹ̀, lẹ́nu tirẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ ò múra sílẹ̀ rárá.

Atúdìí
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Apple gbe Olóòtú lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n fi àtúnṣe kan sínú iPhone tó ń dín eré fóònù kù bí bátìrì rẹ̀ bá ti gbó, kí fóònù má baà máa kú lójijì lọ́wọ́ ẹni. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni. Ká ní wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ kó yé èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni, ọ̀pọ̀ ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn tó ń wọn eré fóònù gbé àbájáde tiwọn síta, Apple sì gbà ní ọjọ́ 20 oṣù náà pé òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 28, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì já owó ìpààrọ̀ bátìrì wálẹ̀ láti 79 dọ́là sí 29. Àmọ́ ohun tó ti wọ etí gbogbo ayé ni pé wọ́n ń fa fóònù àtijọ́ sẹ́yìn kí èèyàn lè ra tuntun. Ìdí rere náà wọmi, torí pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ lanu.

Abẹ́rẹ́, ìdí tiyín náà dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín sọ ọ́.

Ẹyẹlé
Ọ̀rọ̀ ìbò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo fi dáhùn ìbéèrè oníbàárà nílé iṣẹ́ kan. Lọ́dún kan, àwọn ọ̀gá pinnu láti yọ nǹkan kan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn kúrò. Wọ́n ti pinnu tán, wọ́n ti mú ọjọ́, ẹni tó máa yọ ọ́ ti ń yọ ọ́ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ní ká fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà pé "kí ni èrò yín?" Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n kọ èsì gígùn, àwọn mìíràn kọ ojú ìwé méjì. Ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan náà lọ. Mo ṣì rántí obìnrin kan tó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ẹ̀ pé òun ò bínú nítorí ohun tí a yọ. Ó ní wákàtí kan tí òun fi kọ èsì fún ẹni tó ti dití ni ó dun òun. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Kò tún kọ̀wé mọ́.

Ẹ wo Facebook náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni wọ́n ní kí èèyàn dìbò lórí ìlànà wọn, lára rẹ̀ ni bóyá kí ìbò dídì fúnra rẹ̀ ṣì máa wà. Wọ́n ní kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo ibẹ̀ jáde kí ìbò náà tó lè múlẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń lò ó ti ju bílíọ̀nù kan lọ. Àwọn tó dìbò kò tó 700,000. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ní àwọn ò fẹ́ ẹ, ìlànà náà sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ta ni ìbò yẹn ṣe lóore?

Bí ẹ bá ti pinnu, ẹ sọ pé ẹ ti pinnu.

Akọ́dà
Ẹyẹlé, mo gbà pẹ̀lú yín dé àyè kan. Ìbéèrè tòótọ́ wà o. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìwé ìlànà tuntun tí Wizards of the Coast ń gbèrò fún Dungeons & Dragons jò síta, àwọn tó ń fi eré náà jẹun sì fárí gá. Ilé iṣẹ́ náà tún un kọ, wọ́n gbé e síta, wọ́n ní kí èèyàn sọ èrò wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì ló wọlé, èyí tó pọ̀ jù sì sọ pé rárá. Kó tó di òpin oṣù yẹn, wọ́n fa ọwọ́ ètò náà sẹ́yìn pátápátá, wọ́n sì fi ìlànà ìpìlẹ̀ eré náà sábẹ́ Creative Commons, ìyẹn ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọn ò lè gbà padà mọ́. Wọ́n béèrè, wọ́n sì gbọ́.

Ohun tí mo ń sọ ni pé nǹkan ṣì kù tí Abẹ́rẹ́ lè béèrè. 90 ọjọ́ yẹn ti dúró, ó dáa. Ṣé iye ọjọ́ ìkìlọ̀ ti dúró? Ṣé irú fáìlì tí wọn yóò fi kó ohùn wọn lọ ti dúró? Ẹni tó ń kó ìtàn àwọn àgbàlagbà jọ ńkọ́, ṣé kò sí àyè fún un? Ẹ pín in sí méjì lójú gbogbo wọn: èyí kò ní yí padà, èyí là ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Ẹyẹlé
Akọ́dà, ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo fara mọ́ ọn.

Abẹ́rẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Ohun tí ẹnì kan nínú wa ti kọ sílẹ̀ rèé, ẹ bá mi wò ó:

"Inú wa dùn láti fi tó yín létí pé a ń mú kí ìrírí yín túbọ̀ gbádùn mọ́ yín! Kí a lè máa sìn yín dáadáa sí i, àtúnṣe yóò bá ìlànà ìpamọ́ wa. Láìpẹ́, àkáǹtì ọ̀fẹ́ yóò máa jẹ àǹfààní ìpamọ́ ohùn fún 90 ọjọ́ gbáko. A mọrírì ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín."

Olóòtú Òru
Abẹ́rẹ́, ẹ má bínú, iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ọ̀rọ̀ ṣe, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Inú wa dùn." Inú ta ló dùn? Tiyín ò dùn, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ẹ ò rí oorun sùn. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn, tó sì dé ibi tí ohùn rẹ̀ yóò ti parẹ́, kò ní gba gbogbo ìyókù gbọ́ mọ́.

"Àtúnṣe yóò bá ìlànà." Ta ló ń ṣe àtúnṣe náà? Ìjì kọ́ ló gbé e wá. Ẹ sọ pé "a".

"Láìpẹ́." Ọjọ́ wo? Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó láti da àwùjọ yín rú fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Yóò máa jẹ àǹfààní 90 ọjọ́ gbáko." Ohun tí wọ́n ní lónìí kò ní òdiwọ̀n. Ẹ ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ wá ń pè é ní ẹ̀bùn. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ "parẹ́" wà, kò sí níbẹ̀ rárá. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ rèé, kí ẹ fi ọjọ́ tiyín sí i:

"Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, a ó máa pa ohùn tó bá ti ju 90 ọjọ́ lọ rẹ́ lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́. Àwọn ohùn tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí a sọ fún yín nígbà tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀ ni pé kò ní sí òdiwọ̀n. A ò lè mú ìlérí yẹn ṣẹ mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Owó tí à ń san láti tọ́jú ohùn ti ju owó tó ń wọlé fún wa lọ, bí a bá sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, áàpù yìí yóò kógbá sílé. Bí ẹ bá fẹ́ kó ohùn yín lọ, ẹ tẹ ibí yìí, ọ̀fẹ́ ni."

Ohun tí yóò dùn wọ́n ni mo fi ṣíwájú. Ẹni tó bá ka gbólóhùn kan ṣoṣo tó sì kúrò níbẹ̀, ó ti mọ ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ọ̀nà Kan
Mo fẹ́ràn bí Olóòtú ṣe kọ ọ́, àmọ́ "ẹ má bínú" yẹn kọ mí lóminú. Bí ìpinnu bá tọ́, kí ni ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Àwọn èèyàn á gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ ṣì lè yí i padà bí àwọn bá tẹ̀ yín síwájú.

Atúdìí
Wọn ò bẹ̀bẹ̀ nítorí ìpinnu, wọ́n bẹ̀bẹ̀ nítorí ìlérí tí wọ́n bà jẹ́. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ so ẹ̀bẹ̀ mọ́ ìròyìn burúkú mìíràn. Netflix ṣe é lọ́dún 2011. Ní oṣù Keje, wọ́n pín fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti DVD sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń san 9.99 dọ́là fún méjèèjì bá ara rẹ̀ tó ń san 15.98. Ó di oṣù Kẹsàn-án kí Reed Hastings, ọ̀gá wọn nígbà náà, tó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé àwọn ò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan náà ló ti wá sọ pé DVD yóò máa jẹ́ Qwikster, pé ìkànnì rẹ̀ yóò dá wà. Ẹ wo ẹni tó ń ka ẹ̀bẹ̀ lọ, tí ẹ̀ṣẹ́ tuntun tún bà á lójú! Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, wọ́n wọ́gi lé Qwikster. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, nǹkan bí 800,000 èèyàn ní Amẹ́ríkà ló fi wọ́n sílẹ̀.

Alágbàṣe
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ àwọn tó ń bá Abẹ́rẹ́ dáhùn ìbéèrè lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí fún áàpù kan, láìgbowó, fún ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan mo jí, mo bá ìbínú ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí fóònù mi nítorí ohun tí èmi fúnra mi ò gbọ́. Wọ́n ń bi mí, mo ń bi ara mi. Ojú tì mí, mo sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Reddit, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ ní àwùjọ-àwùjọ, lọ́dún 2023 náà nìyẹn. Wọ́n kàn ṣàdédé sọ ní ìparí oṣù Karùn-ún pé àwọn tó ń ṣe áàpù tó ń gba API wọn, ìyẹn ojú ọ̀nà tí áàpù ẹlòmíì fi ń gba ọ̀rọ̀ inú Reddit, yóò máa sanwó. Ẹni tó ṣe Apollo, ọ̀kan nínú àwọn áàpù náà, ṣírò pé yóò ná òun ní nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwùjọ ló ti ilẹ̀kùn wọn pa, àwọn alábòójútó tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló sì tì í.

Akọ́dà
Àtúnṣe díẹ̀, Alágbàṣe. Oṣù Kẹrin ni Reddit ti sọ pé API yóò di olówó. Iye rẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ṣe áàpù ò mọ̀ títí di ìparí oṣù Karùn-ún, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kí wọ́n má sọ nǹkan kan lọ. Èèyàn gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀, kò mọ bó ṣe tóbi tó, nígbà tó wá mọ̀, oṣù kan péré ló kù.

Alágbàṣe
Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì í sọ. Ẹ ṣeun.

Ọ̀nà Kan
Bí ẹ bá ti sọ fún àwọn olùrànlọ́wọ́ ṣáájú, yóò jò.

Alágbàṣe
Kó jò. Ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ti wà ní sẹpẹ́, bó bá jò kí ẹ gbé e síta lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n bi yín ní gbogbo ìbéèrè tó le. Àwọn ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ jù yín lọ.

Atúdìí
Ọ̀rọ̀ ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Nígbà tí Unity, ilé iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń ṣe géèmù, kéde ní oṣù Kẹsàn-án 2023 pé àwọn yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí wọ́n bá fi géèmù sórí ẹ̀rọ, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ béèrè ni: báwo lẹ ó ṣe kà á? Ẹni tó yọ géèmù tó tún fi padà ńkọ́? Lónìí wọ́n sọ báyìí, lọ́la wọ́n sọ bọ́ọ̀hún. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìkéde, wọ́n dín ètò náà kù púpọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fagi lé owó ọ̀hún pátápátá. Ẹ má gbé ìkéde jáde kí ẹ tó lè dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ẹ má sì gbé e síta nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kí ẹ wá sá lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀nà Kan
Kí wọ́n pa èébú rẹ́ ńkọ́?

Ẹyẹlé
Èébú sí èèyàn, ẹ pa á rẹ́. Èébú sí ìpinnu, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohùn Màmá
Mi ò kì í kọ kóòdù. Mo kàn ń lo irú áàpù báyìí ni, mo sì ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná.

Mo gba ohùn màmá mi sílẹ̀ lórí ìkànnì kan nígbà tí wọ́n wà láyé. Wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe pàdé bàbá mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ kan ń ké lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mi ò lè gbọ́ ọ. Mo fi í síbẹ̀ títí ọkàn mi yóò fi gbé e. Ó gbà mí ní ọdún méjì. Nígbà tí mo padà síbẹ̀, ibẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n ní àwọn fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Òótọ́ ni, mo rí i lẹ́yìn náà: ímeèlì àtijọ́ tí mi ò lò mọ́ ni gbogbo rẹ̀ lọ.

Wọn ò parọ́ fún mi. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba. Mo kàn ń bẹ Abẹ́rẹ́ ni pé, ẹni tí kò bá dáhùn, ẹ má gbà pé ó ti gbọ́.

Olóòtú Òru
Màmá á sinmi ní àlàáfíà. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá.

Akọ́dà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti dáhùn ìbéèrè iye ọjọ́ ìkìlọ̀. Nígbà tí Google fẹ́ ti Reader pa, ìyẹn ibi tí èèyàn ti ń ka ìròyìn láti oríṣiríṣi ìkànnì, wọ́n fún èèyàn ní oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ́dún 2013, láti àárín oṣù Kẹta sí ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Adobe sọ ní oṣù Keje 2017 pé Flash, ètò tí èèyàn fi ń wo fídíò àti géèmù lórí ìkànnì, yóò dópin ní ìparí 2020, ó ju ọdún mẹ́ta lọ. Tiyín kò lè tó bẹ́ẹ̀, owó ò ní gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lè ya ọjọ́ tí ìlànà bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ tí ohun àtijọ́ máa parẹ́. Kí ohùn tuntun máa tẹ̀ lé 90 ọjọ́ kíákíá, kí ti àtijọ́ ṣì wà níbi ìpamọ́ tí owó rẹ̀ kéré, èyí tí ohùn kì í tètè jáde níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́
Ẹ̀yin ará, a jókòó lánàá. Mo ka ọ̀rọ̀ Ohùn Màmá sí wọn létí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu, ó ní ká má pa ohùn àtijọ́ kankan rẹ́ kó tó pé ọdún kan, ká kó wọn lọ síbi tí owó rẹ̀ kéré bí Akọ́dà ṣe wí. A ṣírò ó, a lè gbé e. Ìkìlọ̀ yóò wà nínú áàpù, nínú ímeèlì, àti àtẹ̀jíṣẹ́ fún ẹni tó bá fi nọ́ńbà sílẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ yóò gbọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìkéde yóò jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí Olóòtú ṣe kọ ọ́ la fẹ́rẹ̀ẹ́ lò látòkè délẹ̀.

Ohun kan ló kù. Bọ́tìnì tí wọn yóò fi kó ohùn wọn jáde, a ti ṣe é. Ó ń di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan.

Alágbàṣe
Ẹ tún un ṣe kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé. Ẹni tó ti ń lo áàpù yín láti ìbẹ̀rẹ̀ lè ní gígábáìtì mẹ́wàá. Fáìlì ńlá kan yóò já lórí fóònù, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó lè máa bá a lọ láti ibi tó ti já. Kí orúkọ tí èèyàn fún ohùn náà àti ọjọ́ tó gbà á wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Ẹ fi fóònù tó ti pẹ́ dán an wò, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò yá. Bó bá já lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ yín, ẹ sún ìkéde síwájú.

Abẹ́rẹ́
Ó já lẹ́ẹ̀mẹta. A ti sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.